Abẹ́ písà tí a fi kábéèjì ṣe: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ láti ìgbà kìíní dé ìgbà kẹfà

Ohun tí a ń wá ni abẹ́ písà (pẹlẹbẹ ìsàlẹ̀ tí a ń kó tòmátì àti ṣíìsì lé) tí kò ní ìyẹ̀fun àlìkámà nínú rárá, tí ẹ̀fọ́ jẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀, tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan gbé láìká, tí tíréè kan rẹ̀ á sì tó ilé ẹlẹ́ni mẹ́fà jẹ. Ẹni tó bá ti dán irú rẹ̀ wò mọ ibi tí wàhálà wà. Àárín rẹ̀ á rọ̀ bí mọ́ín-mọ́ín tí kò dì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ bébà, etí rẹ̀ á ti jó kí inú tó jinná. Ìgbà mẹ́fà la yan án kí ó tó gún régé. Nínú gbogbo ìgbà tó bàjẹ́, omi ló pọ̀ jù nínú ohun tó bà á jẹ́. Nítorí náà, bí owó kò bá tó ra ju ohun èlò kan ṣoṣo lọ fún iṣẹ́ yìí, ẹ ra òṣùwọ̀n ilé ìdáná tó ń ka gíráàmù.

Cauliflower, ẹ̀fọ́ funfun tó ṣù bí òdòdó, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò nílùú òkèèrè. Ní Nàìjíríà, apá Jos ni wọ́n ti sábà ń gbìn ín, ó wọ́n, kì í sì í sí ní gbogbo ọjà. Kábéèjì la mú, torí pé kò sí ọjà tí ẹ kò ti ní rí i. Àwọn tó ń ṣọ́ ṣúgà ara wọn kúkú ti ń lò ó tipẹ́: wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fún un, wọ́n á fi èèpo psyllium (èèpo hóró kan tó ń fa omi mọ́ra tó sì ń ki) rò ó lórí iná bí ẹni ń ro àmàlà. Nínú 100 gíráàmù kábéèjì tútù, bíi 92 jẹ́ omi. Kábọ̀háídíréètì inú rẹ̀ kò ju bíi 6 lọ, 2.5 nínú ìyẹn sì jẹ́ fáíbà tí ara kì í sọ di ṣúgà. Ìyẹ̀fun àlìkámà ní bíi 76 nínú 100. Ìyàtọ̀ yẹn ló mú kí làálàá náà tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo 92 yẹn dáadáa, òun ni iṣẹ́ wa.

Ohun tí a kó jọ

Fún tíréè kan tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30, tó gùn ní 40:

Kábéèjì kílò 1, lẹ́yìn tí a ti bó ewé òde rẹ̀ tí a sì ti gé kùkùté funfun àárín rẹ̀ dànù. Orí kan tó wúwo tó kílò 1.3 sábà máa ń fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ẹyin 2. Egúsí gbígbẹ tí a lọ̀ kúnná, 60 gíráàmù. Mozzarella gbígbẹ, ìyẹn ṣíìsì tó ń yọ́ tó sì ń fà, 100 gíráàmù fún inú àti 150 fún orí. Iyọ̀, ìdajì ṣíbí tíì. Ata gígún, ìdajì ṣíbí tíì. Efirin tí a sá gbẹ tí a sì fi ọwọ́ rún, ṣíbí tíì 1; òórùn rẹ̀ súnmọ́ ti táìmù, ó sì bá tòmátì mu ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ. Òróró díẹ̀ fún bébà. Bébà tí àwọn oníkéèkì fi ń tẹ́ inú agolo, ẹyọ méjì. Aṣọ funfun tí a fi ń sẹ́ ògì, kí ó jẹ́ tuntun tàbí èyí tí kò ní òórùn ògì mọ́.

Ìgbà kìíní: a kò fún un

A fi irin tí a fi ń rin ilá rin kábéèjì náà ní tútù, a po ẹyin, ṣíìsì àti iyọ̀ mọ́ ọn, a tẹ́ ẹ, a sì gbé e sínú ààrò gáàsì ní dígírì 220. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 25, omi ń hó ní àárín tíréè. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 40, etí rẹ̀ ti dúdú, àárín ṣì ń mì.

Ìdí rẹ̀ kò ju èyí lọ: níwọ̀n ìgbà tí omi bá wà lójú ohun tí a ń yan, ojú náà kò lè gbóná ju bíi dígírì 100 lọ, bó ti wù kí iná ààrò pọ̀ tó. Pípọ́n tó ń fún búrẹ́dì lẹ́ẹ̀pá kì í bẹ̀rẹ̀ dáadáa títí yóò fi kọjá bíi 140. Ìṣẹ́jú 40 tí a fi yan án, gbígbẹ omi la fi ṣe, kì í ṣe yíyan.

Ìgbà kejì: a lọ̀ ọ́ jù

A fi bílẹ́ńdà lọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi díẹ̀, bí ẹni ń lọ ata. Àṣìṣe méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní, a tún bu omi sínú ohun tí a ń wá ọ̀nà láti gba omi lára rẹ̀. Èkejì, ó kúnná tó bẹ́ẹ̀ tó fi dí ojú aṣọ asẹ́, omi kò rí ibi gbà jáde. Ohun tó jáde nínú ààrò ki pọ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ eyín, kò sì ní agbára kankan, torí pé fáíbà gígùn inú ewé náà, tó yẹ kó dì í mú, ti wó.

Kí hóró rẹ̀ tóbi tó hóró ìrẹsì, kò gbọdọ̀ kúnná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí bílẹ́ńdà bá wà, ẹ gé kábéèjì náà wẹ́wẹ́, ẹ dà á sí i ní gbígbẹ, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ó yí fún ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì, kí ẹ jáwọ́, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá sí, irin ìrinlá tó ní ojú ńlá ń ṣe é dáadáa.

Ìgbà kẹta: bí a ṣe rí omi náà gbà

Èyí ló gba àkókò jù, òun ló sì yanjú iṣẹ́ náà. Ọ̀nà méjì la fi wé ara wọn. Àkọ́kọ́ ni pé kí a fi iyọ̀ ra á ní tútù, kí a fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, kí iyọ̀ fa omi jáde. Omi jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n iyọ̀ tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀, pẹ̀lú ti ṣíìsì, mú kí ó le lẹ́nu. Èkejì ni pé kí a fi oru omi sè é díẹ̀ kí a tó fún un. Èyí la mú. Ooru náà ń tú ara ewé náà, omi tó há sínú rẹ̀ á wá rọrùn láti fún jáde.

Ìṣẹ́jú 6 ti tó lórí omi tó ń hó, nínú ajọ̀ tàbí asẹ́ tí omi kò kàn. Ẹ má bò ó pinpin. Bí ó bá pẹ́ jù, òórùn tí kábéèjì àsèjù máa ń ní á jáde, òórùn náà kì í sì í lọ nínú písà. Ẹ má sè é nínú omi pẹ̀lú, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa fún un nìyẹn.

Tó bá ti jinná, ẹ tẹ́ ẹ káàkiri inú tíréè fún ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó fi ọwọ́ kàn án. Kì í ṣe pé kí ọwọ́ má jó nìkan: oru tó ń lọ nígbà náà ń gbé omi lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Nǹkan bíi 60 gíráàmù ló bá a lọ lórí òṣùwọ̀n wa kí a tó fún un rárá.

Nígbà tí a fi ọwọ́ fún un nínú aṣọ, ó dà bí ẹni pé ó ti tán. Kò kán mọ́. A gbé e lé òṣùwọ̀n, ó jẹ́ 610 gíráàmù. A yan apá kan nínú rẹ̀ bẹ́ẹ̀: ó dì, ó pọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n bí a ṣe gbé e ló ká bí àkàrà òru. Ọwọ́ ń tan ènìyàn. A pín èyí tó kù sí ìṣù kéékèèké, a sì fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: a kó ìṣù kan sí àárín aṣọ, a lọ́ ẹnu aṣọ náà, a fi ọmọ orógùn bọ inú kókó rẹ̀, a sì ń yí orógùn náà bí ẹni ń lọ́ okùn. Omi tún jáde, ó ń sàn, kì í ṣe pé ó ń kán. Lẹ́yìn náà la kó gbogbo wọn pọ̀ sáàárín pákó ìgéran méjì, a gbé kẹ́ẹ̀gì omi lítà 10 lé e fún ìṣẹ́jú 20, gẹ́gẹ́ bí àwọn aláàrò gàrí ṣe ń fi òkúta tẹ àpò pákí.

Láti ìgbà náà, kílò 1 kábéèjì tútù kò gbọdọ̀ ju 400 gíráàmù lọ lẹ́yìn fífún. Bí ó bá jẹ́ 450, ẹ padà sí aṣọ. Ẹ óò mọ̀ pé ó ti tó nígbà tí ẹ bá tú aṣọ náà: kábéèjì náà á jáde ní odidi bí ìṣù kan, àmì fọ́nrán aṣọ á hàn lára rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á ti ṣú díẹ̀ sí ti ewéko, bí ẹ bá sì fi àtàǹpàkò fọ́ ọ, á ṣẹ́ wẹ́wẹ́ bí gàrí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún tí a kò tíì yan, ìka á sì gbẹ.

Ẹ má da omi rẹ̀ nù bí kò bá sí ẹni tó ń ṣọ́ ṣúgà nílé, ó dára nínú ọbẹ̀. Díẹ̀ nínú ṣúgà kábéèjì náà wà nínú rẹ̀, nítorí náà ìṣirò tí a máa ṣe nísàlẹ̀ yìí ga ju bí ó ti rí gan-an lọ, kò lè kéré sí i.

Ìgbà kẹrin: ohun tó ń dì í mú

A fẹ́ mọ̀ bóyá wàrà lè rọ́pò mozzarella, torí pé wàrà wà nítòsí, owó rẹ̀ sì rọjú. A rin 100 gíráàmù wàrà, a pò ó mọ́ kábéèjì pẹ̀lú ẹyin. Ó fọ́ sọ́wọ́. Wàrà kì í yọ́. Omi bọmubọmu tí àwọn ìyá Fúlàní fi ń mú kí ó dì, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń sè é lórí iná, ló jẹ́ kí ó lè dúró nínú epo gbígbóná láìyọ́, ìwà kan náà ló sì sọ ọ́ di aláìwúlò fún iṣẹ́ dídì. Mozzarella ń yọ́, ó ń ṣàn wọ àárín hóró kábéèjì, bó bá wá tutù díẹ̀ á le bí àtè. Ẹ fi wàrà sílẹ̀ fún orí písà: ẹ gé e kéékèèké, ẹ dín in kí ó pọ́n, ẹ fọ́n ọn lé e. Kò sí ẹran tó dára jù ú lọ níbẹ̀.

Mozzarella tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi iyọ̀ kò dára fún iṣẹ́ yìí, omi rẹ̀ pọ̀ jù. Èyí tí wọ́n ti rin sínú ọ̀rá sábà máa ń ní sítáàṣì díẹ̀ lára, kí ó má baà lẹ̀ pọ̀. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka gíráàmù yóò ra odidi, yóò sì rin ín fúnra rẹ̀.

Egúsí ló yà wá lẹ́nu jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Nílùú òkèèrè, ìyẹ̀fun álímọ́ǹdì ni wọ́n ń fi sí i. Egúsí lílọ̀ ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ: púrótéènì inú rẹ̀ ń dì nígbà tí iná bá kàn án, bí ó ṣe ń dì nínú ọbẹ̀, ó ń fa omi tó ṣẹ́kù mọ́ra, òróró inú rẹ̀ sì ń dín ìsàlẹ̀ abẹ́ písà náà díẹ̀díẹ̀ lórí tíréè. A lo 30 gíráàmù, kò tó. A lo 100, ó wúwo, adùn egúsí sì bo gbogbo rẹ̀. 60 ló bá a mu. Kí ó jẹ́ egúsí tuntun. Èyí tó ti pẹ́ á kan, kíkan náà á sì hàn ju bó ṣe ń hàn nínú ọbẹ̀ lọ.

Fún ẹni tí ẹyin kò bá lára mu: èèpo psyllium ṣíbí ìmùkọ 2 dípò ẹyin méjèèjì, pẹ̀lú omi ṣíbí ìmùkọ 3, kí gbogbo rẹ̀ jókòó fún ìṣẹ́jú 10 kí a tó tẹ́ ẹ. Á fà díẹ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n á dúró.

Ìgbà karùn-ún: ààrò àti bébà

Ọ̀pọ̀ ààrò gáàsì abẹ́ kúkà kò ní nọ́ńbà tó ṣeé gbára lé. Ẹ bu ṣúgà ṣíbí tíì kan sórí fóìlì, ẹ gbé e sí àárín ààrò tó ti gbóná fún ìṣẹ́jú 15. Ṣúgà ń yọ́ ní nǹkan bíi dígírì 186. Bí ó bá ṣì jẹ́ hóró, ààrò kò tíì dé ibẹ̀. Bí ó bá ti yọ́ dà bí omi, ẹ ti kọjá rẹ̀, ẹ wá fi iná kún un díẹ̀ láti súnmọ́ 220. Tí a kò bá jẹ́ kí ààrò gbóná fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 20 kí a tó gbé tíréè wọlé, kábéèjì náà á tún sun omi kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

Fóìlì lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ débi tí a fi ní láti fi ọ̀bẹ fá a, a sì fi òróró pa á o. Bébà oníkéèkì ni kí ẹ lò, kí ẹ tún fi òróró pa òun náà. Bébà lásán tí a fi ń kọ̀wé tàbí tí a fi ń wé sùyà kò ṣeé gbé sínú ààrò.

Ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ́ àpòpọ̀ kábéèjì, ẹyin, egúsí àti mozzarella náà, kí ó nípọn bíi mílímítà 5 tàbí 6 káàkiri, kí etí rẹ̀ sì nípọn díẹ̀ ju àárín lọ, torí etí ló ń kọ́kọ́ gbẹ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidigidi. Ibi tí àyè bá wà nínú rẹ̀ ni yóò ti là.

Ìṣẹ́jú 25 ní ìsàlẹ̀ ààrò, títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n bí àkàrà, tí etí rẹ̀ á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká kúrò lára bébà. Ẹ gbé e jáde, kí ó jókòó fún ìṣẹ́jú 5 kí ṣíìsì inú rẹ̀ lè le. Ẹni tó bá kánjú yí i nígbà tó ṣì ń hó, méjì ni yóò bá a. Ẹ wá tẹ́ bébà kejì lé e lórí, ẹ da tíréè mìíràn dé e, ẹ fi aṣọ di etí méjèèjì mú, ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ sì rọra bó bébà ìsàlẹ̀ láti igun kan. Ìṣẹ́jú 8 sí i nínú ààrò, láìtíì fi nǹkan kan sí i lórí. Yíyí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò, òun náà ló sì ń mú kí ìsàlẹ̀ gbẹ.

Ìgbà kẹfà: orí rẹ̀

Gbogbo omi tí a ti fi ipá lé jáde lè padà wọlé láti òkè. Tòmátì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ díndín, kí epo ti yọ sókè lórí rẹ̀, kí ó ki tó bẹ́ẹ̀ tí ṣíbí bá là á, ojú ọ̀nà náà kò ní pa dé kíákíá. Ṣíbí ìmùkọ 6 tó fún gbogbo tíréè. Tàtàṣé àti àlùbọ́sà, ẹ gé wọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ yí wọn nínú agbada gbígbóná fún ìṣẹ́jú 3 kí omi wọn lọ. Olú ń sun omi jù wọ́n lọ, ẹ yan án gbẹ pátápátá kó tó gun orí rẹ̀. Ẹran tàbí adìyẹ gbọ́dọ̀ ti jinná tẹ́lẹ̀, torí ìṣẹ́jú 8 péré ló kù nínú ààrò.

Ìtò wa: mozzarella díẹ̀ lábẹ́, kí ó dá omi tòmátì dúró, lẹ́yìn náà tòmátì, ẹ̀fọ́, ẹran tàbí wàrà díndín, mozzarella tó kù lókè. Ìpele òkè ààrò, ìṣẹ́jú 7 sí 8.

A gé e sí 12, ọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ̀ǹtímítà 10 ní gígùn, 10 ní ìbú. A gbé ti igun, ó dúró gbọnrangandan. A gbé ti àárín, etí rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, kò já. Kábọ̀háídíréètì tí ara lè lò nínú abẹ́ rẹ̀, tí a bá ka kábéèjì, egúsí, ẹyin àti ṣíìsì pọ̀, súnmọ́ gíráàmù 4 fún ègé kan. Tíréè kan náà tí a bá fi 400 gíráàmù ìyẹ̀fun ṣe, bíi 25 ni ègé kọ̀ọ̀kan á ní. Àlùbọ́sà àti tòmátì orí rẹ̀ kò sí nínú ìṣirò yìí. Ẹni tó ń lo abẹ́rẹ́ ínsúlínì tàbí oògùn ìtọ̀ ṣúgà kò gbọdọ̀ ṣàdédé fi irú èyí rọ́pò oúnjẹ rẹ̀ láìbá dókítà rẹ̀ sọ ọ́, torí ṣúgà ara lè já wálẹ̀ jù. Ní ti àwọn ọmọdé, ẹ fi ata sílẹ̀ ní apá tiwọn, kí ẹ sì gbé ànàmọ́ sísè tàbí dòdò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn kọ́ la ń dín sítáàṣì wọn kù.

Bí kò bá sí ààrò

Agbada tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn ń ṣe é, ìdá kan nínú mẹ́rin àpòpọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan. Òróró ṣíbí tíì 2, iná kékeré, ìṣẹ́jú 8 láìbò ó, ẹ fi àwo yí i, ìṣẹ́jú 6 sí i. Ẹ kó nǹkan lé e, ẹ wá fi ọmọrí bò ó fún ìṣẹ́jú 3 péré kí ṣíìsì yọ́. Ìkòkò oníyanrìn tí a fi ń yan kéèkì náà lè gbà á, ṣùgbọ́n ẹ fi ọmọ orógùn dá ẹnu ọmọrí sí díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oru yóò padà rọ̀ sórí rẹ̀.

Fún àwọn tó wà ní London tàbí Houston tí cauliflower kò wọ́n lọ́dọ̀ wọn: ìwọ̀n kan náà ni, kílò 1 òdòdó rẹ̀, 400 lẹ́yìn fífún. Èyí tí wọ́n ti rin tí wọ́n sì fi sínú fìrísà ní omi jù, torí yìnyín ti fọ́ ara rẹ̀. Kò nílò sísè, ẹ jẹ́ kí ó yọ́ pátápátá, kí ẹ sì fún un.

Abẹ́ tí a ti yan lójú méjèèjì, tí a kò tíì fi nǹkan sí, ń wà nínú fìrísà fún oṣù kan tí a bá fi bébà sáàárín wọn tí a sì wé e pinpin. Láti inú fìrísà ni kó ti bọ́ sínú ààrò gbígbóná, ẹ má jẹ́ kí ó yọ́ lórí tábìlì. Èyí tó ṣẹ́kù lẹ́yìn oúnjẹ, inú agbada gbígbẹ ni kí ẹ ti mú un gbóná, iná kékeré, ìṣẹ́jú 4, láìbò ó.